Ọjà ààbò sólà fún ìjì òòfà ayé: èyí tó tó owó rẹ̀ àtèyí tí kò tó o

Ẹni tó bá bi àwọn ọlọ́jà léèrè bí òun ṣe lè gba sólà ilé òun lọ́wọ́ ìjì oòrùn, nǹkan márùn-ún ni wọ́n máa ń tò síwájú rẹ̀: àpótí ààbò tó ní bréékà àti SPD (ohun tó ń darí iná tó fò sókè lójijì sínú ilẹ̀) nínú, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ fólítéèjì, chéńjióvà, àpò onírin tí wọ́n ní ìtànṣán kankan kò lè wọ̀, àti ẹ̀rọ dúdú kan tí wọ́n kọ "EMP" (agbára iná òjijì tí ìbúgbàù átọ́míìkì ń mú wá) gàdàgbà sí lára. Ẹ̀kẹfà wà tí ọlọ́jà kì í dárúkọ torí pé ọ̀fẹ́ ni, ìyẹn ìkìlọ̀ tí NOAA, àjọ ojú ọjọ́ àti òkun ti Amẹ́ríkà, ń fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Lójú tiwa, ìkìlọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn àti chéńjióvà ló wà níwájú. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ fólítéèjì tẹ̀ lé wọn. Àpótí SPD dára gan-an, ẹ rà á, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé nítorí àrá lẹ ṣe rà á. Ní ti àpò onírin àti ẹ̀rọ "EMP", ẹ fi owó wọn kún owó wáyà earth, èyí tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀.

Ibi tí àwọn ọlọ́jà ti ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé wọ́n ń ka ìjì òòfà ayé, tí wọ́n tún ń pè ní ìjì oòrùn, àti àrá sí nǹkan kan náà. Oòrùn ló ń tú ìkùukùu ńlá tó kún fún òòfà sí ọ̀nà ayé. Ó sábà máa ń gbà tó ọjọ́ kan sí mẹ́rin kó tó dé. Èyí tó kọlu ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án 1859 dé láàárín nǹkan bíi wákàtí 17. Bó bá dé, òòfà ayé á máa mì, mímì yìí ló sì ń bí kọ́rẹ́ǹtì sínú ilẹ̀ àti sínú wáyà tó bá gùn. Gígùn wáyà ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìjì kan le débi pé ó ń bí fólítì 20 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, èyí tó le kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ìjì ń ṣe. Wáyà 20 mítà tó ti orí òrùlé yín sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìdí ínfátà á rí 0.4 fólítì péré nínú rẹ̀. Bátìrì aago ara ògiri ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ká ní fólítì 1 péré ni lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, wáyà ńlá tó gùn tó 300 kìlómítà láti ìlú dé ìlú á rí 300 fólítì. Ìdí tàràǹsífọ́mà tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀ ni kọ́rẹ́ǹtì yẹn ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde, ibẹ̀ kò sì ní ìdènà tó pọ̀.

Kọ́rẹ́ǹtì náà kì í yára. Ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó yí padà, nítorí náà lójú tàràǹsífọ́mà tí wọ́n ṣe fún 50 Hz (iná AC tó ń yí padà nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), DC ni, ìyẹn iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Irin inú rẹ̀ á kún fún òòfà ní ìlàjì yíyí kọ̀ọ̀kan, á gbóná, á máa fa agbára tí kò ṣe iṣẹ́ kankan lórí wáyà, á sì máa rú ìgbì iná náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Québec, ní Kánádà, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 1989 nìyẹn: àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé fólítéèjì ró lórí wáyà ilé iṣẹ́ iná Hydro-Québec pa ara wọn, kò sì pé ìṣẹ́jú méjì tí gbogbo rẹ̀ fi wó. Mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn ni kò rí iná fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Ní òpin oṣù Kẹwàá 2003, nǹkan bíi 50,000 ènìyàn ní Malmö, ní Sweden, wà nínú òkùnkùn fún bíi wákàtí kan. Ìjì ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 2024, tí NOAA kà sí G5 (ìpele ìjì tó le jù) àkọ́kọ́ láti 2003, kò wó iná orílẹ̀-èdè kankan lulẹ̀, ṣùgbọ́n ó da GPS rú débi pé katakata àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń fi sátẹ́láìtì rìn dúró láàárín oko lásìkò ìgbìn.

Páńẹ́lì orí òrùlé kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú gbogbo èyí. Ìtànṣán tó ń ba páńẹ́lì sátẹ́láìtì jẹ́ kì í dé ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ti gbé e mì lókè. Ohun tó lè dé ilé yín, wáyà NEPA ló máa bá wọlé: iná tó lọ sílẹ̀, iná tó ń gbọ̀n, iná tó lọ lójijì, àti èyí tó máa ń pa ẹ̀rọ jù, iná tó padà dé pẹ̀lú ìpayà, ìyẹn fólítéèjì tó fò sókè lójijì.

Ní Nàìjíríà, ìlà tí abẹ́rẹ́ òòfà ti ń dùbúlẹ̀ gbọọrọ gba orí ilẹ̀ wa kọjá, a sì jìnnà sí ìhà òpó ayé níbi tí ìjì yìí ti ń jà kíkankíkan. Tiwa kì í le tó ti Kánádà tàbí Sweden lórí wáyà iná. Níbí, rédíò àwọn awakọ̀ òfuurufú àti GPS ni ìjì náà máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá wá bá yín ní Ìbàdàn pé ìjì oòrùn ló máa jó ínfátà yín, ẹ bi í ní ọ̀rọ̀ àrá àti ọ̀rọ̀ neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) tó já lórí òpó ná. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan náà la fi ń gba ara ẹni lọ́wọ́ gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé àwọn ọjà yìí yẹ̀ wò.

Ìkìlọ̀ NOAA

Ilé iṣẹ́ wọn tó ń ṣọ́ oòrùn wà ní Boulder, ní ìpínlẹ̀ Colorado, SWPC ni wọ́n ń pè é. Ẹ lọ sí ojú ewé wọn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Subscribe" sí, ẹ fi ímeèlì yín sílẹ̀, ẹ sì yan èyí tí ẹ fẹ́. Kò gba owó. Ibi yíyàn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó sí wàhálà, torí wọ́n á fi àmì sí gbogbo rẹ̀, ímeèlì á wá máa rọ́ wọlé tọ̀sán-tòru títí wọn á fi pa á tì. Ìpele mẹ́ta lẹ nílò. "Watch" ń bọ̀ ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta ṣáájú: ẹ yan G3 sókè. "Warning" ń bọ̀ nígbà tí ìjì ti kan sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà sí wa lójú ọ̀nà oòrùn, ẹ lè ní ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan lọ́wọ́: ẹ yan Kp 7 (Kp ni òṣùwọ̀n bí òòfà ayé ṣe ń mì tó). "Alert" túmọ̀ sí pé ó ti ń ṣẹlẹ̀: ẹ yan Kp 8 àti Kp 9. Kp 5 ni G1, bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè títí dé Kp 9 tó jẹ́ G5. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R tàbí S, ọ̀rọ̀ rédíò àti ìtànṣán ni, ẹ fò ó.

Àléébù rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Aago UTC ni wọ́n ń lò, ẹ fi wákàtí kan kún un fún Nàìjíríà. Èkejì, "Watch" máa ń parọ́ o, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Bí òòfà inú ìkùukùu náà bá kọjú sí gúúsù, ó máa bá òòfà ayé jà. Bó bá kọjú sí àríwá, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá láìṣe nǹkan kan. Kò sí ẹni tó lè rí ìkọjúsí yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì yẹn. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù fún wa: nínú ímeèlì náà, wọ́n máa ń kọ ibi tí ìjì ọ̀hún lè dé, bíi "poleward of 45 degrees Geomagnetic Latitude". Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, láti Ìlọrin dé Porto-Novo, wà nísàlẹ̀ ìlà yẹn pátápátá. G3 kò yẹ kó mú ẹni tó wà ní Ṣàgámù dìde lórí ibùsùn. Ẹ ṣètò fóònù yín kí Kp 9 nìkan máa dún, kí ìyókù dúró de òwúrọ̀.

Chéńjióvà

Ọjà tó rọrùn jù, tó sì ń ṣe iṣẹ́ tí ìyókù kò lè ṣe: ó ń já ilé yín kúrò lára wáyà tó gùn. Èyí tí a fara mọ́ ni oníyíyí 1-0-2 (1 fún NEPA, 0 fún pípa, 2 fún jẹnẹrétọ̀), 63A, onípólù méjì fún ilé tó ń lo phase kan, onípólù mẹ́rin fún mẹ́ta. Kí ẹ má gba onípólù kan. Neutral NEPA wà lórí òpó kan náà pẹ̀lú wáyà tó kù, ìpayà àrá sì ń gba ibẹ̀ wọlé bó ṣe ń gba phase; chéńjióvà tó bá já phase nìkan ti ṣí fèrèsé kan sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n gbé e sí ṣe kókó ju irú rẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, chéńjióvà wà láàárín NEPA àti jẹnẹrétọ̀, ínfátà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn dára: bí ẹ bá ti yí i sí 0, ẹnu AC ínfátà ti já. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n fi wáyà bypass láti òkè chéńjióvà bọ́ ilé tààrà fún ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ẹ̀rọ omi. Wáyà yẹn kò kúrò lára NEPA rárá. Ẹ tọ gbogbo wáyà tó jáde lára mítà dé ibi tó parí sí kí ẹ tó gbà pé 0 túmọ̀ sí 0. Ẹ sì bi ẹni tó so ínfátà yín bóyá ínfátà fúnra rẹ̀ ló ń so neutral mọ́ earth nígbà tí NEPA kò bá sí, torí bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, RCD inú ilé (bréékà tó ń já iná tó bá ń jò) lè má ṣiṣẹ́ lórí bátìrì.

Àwọn chéńjióvà tó jẹ́ ike pọ́ńbélé ń ní wàhálà kan: ìdè tó ń mú wáyà máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bí iná ṣe ń gbóná tó sì ń tutù. Ẹ fi screwdriver tún un fún ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa bréékà òkè. Bí ike ẹ̀gbẹ́ wáyà bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé SBU tí àwọn yàn lójú ínfátà ti tó. Kò tó. Lórí àwọn ínfátà tó jẹ́ irú Axpert, ètò 01 ní SBU ń mú ilé lo sólà àti bátìrì ṣáájú NEPA, ètò 16 ní OSO ń jẹ́ kí sólà nìkan máa fi iná kún bátìrì, ṣùgbọ́n wáyà NEPA ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà, ìpayà sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ètò tí a rọ̀ yín pé kí ẹ yí lónìí, ìjì o, àìsí ìjì o, ni 03. APL ni wọ́n máa ń gbé e sí láti ilé iṣẹ́, tó ń gba iná láti 90 dé 280 fólítì. UPS ń gba 170 sí 280. Iná 90 fólítì tó ń gbọ̀n kì í ṣe oúnjẹ fún fíríìjì ẹnikẹ́ni. Bí ínfátà yín bá jẹ́ irú mìíràn, nọ́ńbà ètò lè yàtọ̀, ẹ wo ìwé rẹ̀.

Kí ẹ tó yí chéńjióvà sí 0, bátìrì gbọ́dọ̀ ti kún. Bátìrì lithium 51.2 fólítì, 100Ah, ní 5.12 kWh nínú. Bí ẹ bá lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, nǹkan bíi 4.1 kWh ni. Ilé tó ń jẹ 250 wáàtì, pẹ̀lú 50 tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, á lò ó fún wákàtí 13 ó lé láìsí oòrùn. Ó ju wákàtí mẹ́sàn-án ti Québec lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù kún un, ìṣirò rẹ̀ ti yàtọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ fólítéèjì

Èyí tí wọ́n ń gbé sórí DIN rail (irin tí wọ́n ń fi bréékà há) nínú àpótí bréékà, tó ń fi nọ́ńbà pupa hàn, ni a ń sọ. Bí iná bá ga jù tàbí tó kéré jù, á já a. Bó bá padà sípò, á ka àkókò kó tó so ó padà. Kíkà yẹn ni iyì rẹ̀. Nígbà tí iná bá ń padà dé lẹ́yìn tí ìlú ti ṣókùnkùn, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló máa ń burú jù, torí gbogbo fíríìjì àdúgbò ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé òkè sí 255, ìsàlẹ̀ sí 180, kí ẹ sì jẹ́ kó ka ìṣẹ́jú-àáyá 300 kó tó gbà á wọlé. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n máa ń fi 30 sí láti ilé iṣẹ́, ẹni tó so ó kì í sì í yí i.

Ẹ má gba 63A tí wọ́n kọ sí i lára gbọ́. Nínú àwọn tí owó wọn kò pọ̀, ojú ìpàdé inú rẹ̀ kéré, ó sì lè lẹ̀ pọ̀ bó bá já lábẹ́ ẹrù ńlá, ìyẹn nígbà tí ohun púpọ̀ ń jẹ iná. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú rẹ̀ á kọ pé òun ti já, iná á sì máa kọjá. Ẹ lò ó fún 40A sísàlẹ̀, kí bréékà 40A wà níwájú rẹ̀. Ẹ wo ìwé rẹ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ lè fara da 400 fólítì, torí ohun tí neutral tó já lórí òpó ń rán wá sílé ẹni kò jìnnà síyẹn. Ohun tí kò lè ṣe rárá ni kó dá àrá dúró: àrá ti wọlé ó sì ti jáde kó tó mọ̀ pé ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

Àpótí SPD

Ibí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí, torí ibí ni owó pọ̀ sí, ibí náà sì ni wọ́n ti ń so nǹkan sódì jù.

Lákọ̀ọ́kọ́, SPD kò rí kọ́rẹ́ǹtì ìjì òòfà rárá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń dúró jẹ́ẹ́ títí fólítéèjì á fi kọjá òṣùwọ̀n kan, nígbà náà lá ṣílẹ̀kùn sí earth fún ìwọ̀n ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. 0.4 fólítì kò ní jí i. Iná tó ga tó sì ga fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀, òun gan-an nìyẹn máa sun jóná. Ibi tó ti ń ran ẹni lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìjì ni ìpayà kúkúrú tó ń wá nígbà tí wọ́n ń já wáyà ńlá tí wọ́n ń so ó padà.

Fún ìhà AC, ẹ wo Uc lára rẹ̀, ìyẹn fólítéèjì tó ga jù tó lè máa fara dà. Èyí tí wọ́n kọ 275V sí dára ní ìlú tí iná ti dúró déédéé. Níbi tí neutral ti lè já, 275V á kú lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ gba 385V, tàbí 420V bí ẹ bá rí i. Ilé tó ní earth tirẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé wa ṣe rí, nílò irú tí wọ́n ń pè ní 1+1 fún phase kan tàbí 3+1 fún mẹ́ta, kí ohun tó wà láàárín neutral àti earth má bàa máa jo iná díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀.

Fún ìhà DC, ìṣirò ni. Páńẹ́lì 550 wáàtì ní nǹkan bíi 50 fólítì nígbà tí wọn kò so nǹkan kan mọ́ ọn. Mẹ́jọ tí wọ́n so tẹ̀ lé ara wọn jẹ́ 400. Òwúrọ̀ ọyẹ́ á fi díẹ̀ kún un, torí páńẹ́lì tó tutù ń gbé fólítéèjì sókè. Ẹ fi 1.2 sọ ọ́ di púpọ̀, 480 ló jáde, ẹ gba SPD 600V. Ọ̀pọ̀ àpótí tó ti wà ní ṣíṣe ń gbé 1000V wá nítorí pé ó bá gbogbo oníbàárà mu. Kò ní jóná, lóòótọ́, àmọ́ fólítéèjì tó máa jẹ́ kó kọjá sí ínfátà kó tó dìde ga jù. Nọ́ńbà Up lára rẹ̀ ló ń sọ ìyẹn, èyí tó kéré jù ló sàn. Mẹ́jọ náà ti sún mọ́ 500V tí ọ̀pọ̀ ínfátà 5 kVA ń gbà mọ. Ẹ má fi ẹ̀kẹsàn-án kún un nítorí pé ààyè ṣẹ́ kù lórí òrùlé.

Nọ́ńbà IEC (àjọ òṣùwọ̀n ẹ̀rọ iná àgbáyé) tó wà lára rẹ̀ ṣe pàtàkì: 61643-31 ni ti DC sólà, 61643-11 ni ti AC. Bí wọ́n bá fi ti AC sí ìhà DC, tó sì jóná lọ́jọ́ kan, iná DC kò ní kú, torí kì í kọjá lórí òdo nígbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan bíi ti AC. Á máa jó nínú àpótí títí oòrùn á fi wọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti bréékà. Ẹ má gba bréékà AC fún páńẹ́lì láéláé, kódà bí oníṣẹ́ bá fi ìyá rẹ̀ búra. Ti DC gan-an ní ẹ̀tàn tirẹ̀: púpọ̀ nínú wọn ní + àti − tí wọ́n kọ sí ojú wọn, nítorí òòfà kékeré inú wọn ló ń ti iná sínú ibi tó ti máa kú. Bí ẹ bá so ó sódì, òòfà yẹn á ti iná náà sí ìhà kejì, bréékà á yọ́. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí ẹnì kan máa pa á nígbà tí oòrùn mú ganrínganrín. Èyí tí kò ní ìhà, tí wọ́n ń pè ní non-polarised, ni kí ẹ béèrè.

Wáyà tó ti SPD lọ sí earth: kúkúrú, tààrà, láìká a bíi okùn kànga. Gbogbo gígùn wáyà tó so SPD mọ́ iná àti mọ́ earth kò gbọ́dọ̀ ju 50 sẹ̀ǹtímítà lọ, torí mítà kan péré lè fi nǹkan bíi 1,000 fólítì kún ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ ínfátà bí àrá bá dé. Wáyà 6 mm² ni ó kéré jù fún irú SPD tí wọ́n ń pè ní Type 2. 16 mm² fún Type 1. Bí ilé yín bá ní ọ̀pá tí ń gba àrá lórí, Type 1 tàbí 1+2 lẹ nílò. Bí àpótí àti ínfátà bá jìnnà ju mítà 10 lọ, ẹ fi SPD kejì sí ìdí ínfátà.

Earth fúnra rẹ̀ ni ibi tí ìrẹ́jẹ pọ̀ sí. A máa ń rí àpótí tó dára, ojú SPD rẹ̀ aláwọ̀ ewé, tí wáyà earth rẹ̀ kò dé ibì kankan. Aláwọ̀ ewé ń sọ pé ohun inú SPD ṣì wà láàyè, kò sọ pé earth wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n níwájú yín. 10 ohm sísàlẹ̀ ni kí ẹ máa lépa. Ọ̀pá bàbà mítà 1.2 kan lè má dé ibẹ̀ nínú ilẹ̀ pupa lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi èkejì àti ẹ̀kẹta kún un, kí àlàfo àárín wọn má kéré sí gígùn ọ̀pá náà, kí ẹ sì fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀. Férémù páńẹ́lì, ara ínfátà àti SPD, earth kan náà ni kí gbogbo wọn wà. Oníṣẹ́ tó bá ní kí páńẹ́lì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ láìso ó mọ́ ti ilé ń ṣe ọ̀nà fún àrá láti gba inú ínfátà kọjá láti earth kan sí èkejì.

Bí ẹ bá ń ra àpótí, ẹ ra èyí tí ojú SPD rẹ̀ ṣeé fà yọ, kí ẹ sì ra ojú kan sílẹ̀. Nígbà tó bá pọ́n, ìṣẹ́jú méjì lẹ máa fi pààrọ̀ rẹ̀. IP65 (tí eruku àti omi kò lè wọ̀) ni bó bá máa wà níta, kí ihò wáyà wà nísàlẹ̀, kó má sì dojú kọ oòrùn ọ̀sán.

Àpò onírin àti ẹ̀rọ "EMP"

Ìbúgbàù átọ́míìkì lókè òfuurufú ń mú ìpayà wá tó yára ju àrá lọ, tó sì lè wọ inú ẹ̀rọ láìsí wáyà gígùn kankan. Ibi tí èrò àpò onírin ti wá nìyẹn. Ìjì òòfà ayé kò ní irú ìpayà yẹn. Ínfátà tó wà nínú àpò kò sì lè tan gílóòbù. Ní ti ẹ̀rọ dúdú, ẹ wá Uc, Imax (kọ́rẹ́ǹtì ìpayà tó pọ̀ jù tó lè gbà) àti nọ́ńbà IEC 61643-11 tàbí UL 1449 ti Amẹ́ríkà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, SPD ni, ẹ san owó SPD. Bí wọn kò bá sí, ẹ dá a padà.

Fún àwọn tiwa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ tiyín le díẹ̀ ju tiwa lọ, torí ẹ ti sún mọ́ àríwá, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ yín, Met Office, sì ń gbé ìkìlọ̀ ìjì oòrùn jáde fún gbogbo ará ìlú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe SPD ló máa dùn yín lọ́jọ́ náà. Ínfátà tí wọ́n so mọ́ iná ìlú lábẹ́ òfin G98 gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, kó má bàa gbé iná pa òṣìṣẹ́ tó wà lórí wáyà. Oòrùn á máa ràn, páńẹ́lì mẹ́wàá á wà lórí òrùlé, ẹ ò sì ní lè gbé omi tíì kaná. Kódà bátìrì lè wà kó má ṣe nǹkan kan, àfi bó bá ní EPS tàbí ẹ̀rọ backup tó ń já ilé kúrò lára iná ìlú. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, torí fífi kún un tó bá yá wọ́n ju kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà lọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an

Kò pọn dandan kí ẹ pa gbogbo ètò náà. NEPA nìkan ni kí ẹ já. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ pa gbogbo rẹ̀, ẹ pa ẹrù inú ilé ná, lẹ́yìn náà ẹnu AC, lẹ́yìn náà bréékà páńẹ́lì, kí bátìrì ṣe ìkẹyìn. Nígbà ìtannáná, bátìrì ni kó kọ́kọ́ padà. Páńẹ́lì tó ń ti iná sínú ínfátà tí kò ní bátìrì lè ba MPPT rẹ̀ (apá tó ń gba iná páńẹ́lì) jẹ́. Ẹ má fa MC4 (ìsopọ̀ wáyà páńẹ́lì) yọ nígbà tí iná ń kọjá nínú rẹ̀.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì yín bá ń lọ tó ń bọ̀, tí áàpù ínfátà kò sì fi nǹkan kan hàn, ẹ má tan ínfátà padà nítorí ìyẹn. Ojú rẹ̀ lára ògiri ni kí ẹ wò. Nígbà tí Kp bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 5, tí iná NEPA sì ti wà fún ìṣẹ́jú 30 láìlọ, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n lẹ́nu chéńjióvà. Bó bá wà láàárín 207 àti 253, ẹ yí i padà sí 1. Bó bá ń fò láti 190 sí 240 bí ẹ ṣe ń wò ó, ẹ fi í sílẹ̀ sí 0 di ọjọ́ kejì.